Ẹ Wá Ìwé Ìgbélùú Kí Ọjọ́ Ogbó Tó Dé: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Ìlàjẹ Tó Wà Lájò

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ugbó, ní Máhìn, ní Ẹtíkàn àti ní Àhérì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà létí òkun Kútọnù, Gánà, Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, ẹ fetí sílẹ̀. Láti ìgbà àwọn baba wa ni àwa Ìlàjẹ ti ń tẹ̀lé ẹja káàkiri. Ibi tí ẹja bá pọ̀ sí là ń pàgọ́ sí. Bí àgọ́ bá pẹ́, a di abúlé. Bí abúlé bá pẹ́, àwọn ọmọ wa á gbọ́ èdè ibẹ̀, wọ́n á sì fẹ́yàwó níbẹ̀. Ní báyìí, òkun fúnra rẹ̀ ti ń lé wa nílé. Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, omi ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ló ń jáde mọ́. Àgbàlagbà tí apá rẹ̀ kò ká àwọ̀n mọ́ náà ń wò yíká, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo lòun yóò fi ẹ̀yìn tì sí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ń dé ìlú onílùú tán kí wọ́n tó béèrè ìwé tó yẹ kí wọ́n ní. Nígbà tí èèyàn wà ní ọ̀dọ́, ó lè sáré, ó lè sùn sínú ọkọ̀, ó lè ṣí kúrò lóru. Arúgbó kò lè sá. Ìgbà tí agbára bá tán ni ìwé ń wúlò jù, ìgbà tí agbára ṣì wà la sì ń rí ìwé gbà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ní í sọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Mọ̀ pé àṣẹ àtiwọlé yàtọ̀ sí àṣẹ àtigbé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn ìjọba ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú rẹ̀ láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ohun tí wọ́n ní kó mú dání ni ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ́ pé kò sí físà, ẹ kò gbọ́ pé ọjọ́ níye. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ju 90 ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré nìyẹn. Ọjọ́ ogbó kì í tán ní oṣù mẹ́ta.

2. Gba òǹtẹ̀ ní bodè, ì báà ṣe ojú omi lo gbà.

Omi tiwa kò ní gátì. Ẹni tó mọ̀nà lè wa ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wa, kó gba ọ̀sà Èkó àti Àgbádárìgì kọjá, títí dé Àjàṣẹ́, láìfi ojú kan òkun. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń débẹ̀ láìrí aṣọ́bodè kankan. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Yà sí bodè, kí o fún wọn ní ìwé ìrìnnà rẹ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i. Kí o tó kúrò níwájú wọn, ṣí ojú ìwé náà, kí o kà á: orúkọ bodè, ọjọ́, oṣù, ọdún, àti bóyá ìwọlé ni wọ́n kọ tàbí ìjáde. Bí tàdáwà bá ti ràn tí ọjọ́ kò hàn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un tẹ̀. Òǹtẹ̀ kékeré yẹn nìkan ló lè sọ ọjọ́ tí 90 rẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò ní sọ pé ọjọ́ rẹ̀ tán. Wọn yóò sọ pé ó yọ́ wọ̀lú ni. Ẹ̀sùn kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

3. Bí o bá ti débẹ̀ láìmúra, má fara pamọ́.

Tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí o kó gbogbo ìwé rẹ lé e lórí. Wo ìwé ìrìnnà rẹ: ìgbà wo ló máa kú? Wo òǹtẹ̀: ọjọ́ mélòó ló kù? Wá rìsíìtì owó ilé tí o ń gbé. Wá ohun tó fi hàn pé o rówó jẹun, ì báà jẹ́ ìwé báńkì, ì báà jẹ́ owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́. Kọ orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí ọ nílùú náà. Ohun tó bá ṣófo lórí ẹní ni iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ.

Ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Èkíní, kí o béèrè àfikún ọjọ́ kí ti àkọ́kọ́ tó tán. Èkejì, kí o gba ìwé ìgbélùú nítorí iṣẹ́ tàbí òwò tí o ń ṣe. Ẹ̀kẹta, kí o gbà á nítorí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí o padà sílé lọ múra, kí o tó tún jáde. Kò sí ìtìjú nínú ìkẹrin yìí. Ó sàn kí bàbá wọkọ̀ padà sí Ìgbókòdá fúnra rẹ̀ ju kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ. Bí ìwé ìrìnnà rẹ bá ti kú sájò, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà lè fún ọ ní ìwé pàjáwìrì tí o fi máa délé. Bí ọjọ́ rẹ bá sì ti kọjá, wá olórí àwọn ọmọ Nàìjíríà ibẹ̀ kó bá ọ lọ sí ọ́fíìsì aṣọ́bodè ìlú náà. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ lè bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú, ẹjọ́ ló ń rò.

4. Gba ìwé ìgbélùú nígbà tí o ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àdéhùn tí ECOWAS tún ṣe ní ọdún 1986 ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ní ìlú ara wa, ti ọdún 1990 sì ni ti ìdásílẹ̀ òwò. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni àdéhùn 1986 yẹn dìídì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ya àyè sọ́tọ̀ fún arúgbó tó fẹ́ jókòó kó máa gba atẹ́gùn. Nítorí náà, apẹja tó ní ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, tó ń san owó orí, tó wà nínú ẹgbẹ́ apẹja ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sún mọ́ ìwé jù. Kó gbà á ní ẹni ogójì ọdún, kó máa sọ ọ́ dọ̀tun, kó má jẹ́ kó kú rí. Nígbà tó bá di ẹni àádọ́rin, ìwé tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa gbèjà rẹ̀.

Má sì rò pé gbogbo òwò ni àlejò lè ṣe. Ní Gánà, òfin ìdókòwò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013 fi ọjà títà nínú ìsọ̀ àti ìkiri ọjà sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Bàbá tó ní òun yóò ta ọkọ̀ òun kóun fi ṣí ìsọ̀ kékeré níbẹ̀ fún ọjọ́ alẹ́, kó béèrè dáadáa kó tó ta ọkọ̀.

5. Má gbà pé pípẹ́ nílùú jẹ́ àṣẹ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà bá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ bí ọmọ-ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún ẹni tí kò ní ìwé rí láti wá ìwé. Wọ́n fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Shehu Shagari. Ìjọba tó bá fẹ́ lé àlejò kì í béèrè bí àlejò ṣe pẹ́ tó.

Ti Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tó wà láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, tún yàtọ̀. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tó ń pẹja níbẹ̀. Wọn kò kúrò lójú kan, bodè ló wá kọjá lórí wọn. Ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002 pé Kamẹrúùnù ló ni ibẹ̀. Ààrẹ Obasanjo ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Biya ti Kamẹrúùnù fọwọ́ sí àdéhùn Green Tree ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006, wọ́n sì parí ìfilélọ́wọ́ náà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Àdéhùn yẹn sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fipá lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Bakassi, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fipá sọ wọ́n di ọmọ Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lo àdéhùn gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún, ìwé náà ni yóò sì fi hàn.

Ẹ má rò pé Áfíríkà nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2018, gbogbo ayé gbọ́ ti àwọn àgbàlagbà tó wá láti erékùṣù Karíbíà sí ìlú ọba kí ọdún 1973 tó dé, àwọn tí wọ́n ń pè ní ìran Windrush. Òfin ti fún wọn láṣẹ àtigbé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé tí wọ́n lè nà síta. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́, àwọn kan pàdánù ilé, wọn kò tọ́jú àwọn kan ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá àwọn kan padà sí ìlú tí wọ́n ti kúrò láti kékeré. Ẹ̀tọ́ tí kò níwé, lọ́jọ́ ìṣòro, bí ẹni pé kò sí ni.

6. Mọ ibi tí ECOWAS parí sí.

Kútọnù, Lòmé àti Accra wà nínú rẹ̀. Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti Equatorial Guinea kò sí nínú rẹ̀. Òkun kan náà ni, ẹja kan náà ni, òfin kan náà kọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí Libreville láti lọ bá àbúrò rẹ̀ gbé, kó má fi ohun tó mọ̀ nípa Kútọnù ṣírò ti ibẹ̀. Lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kí o tó wọkọ̀, kí o béèrè irú físà àti iye rẹ̀, kí o sì béèrè ohun tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fúnni ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní carte de séjour.

7. Físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà ìfẹ̀yìntì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London, Houston àti Toronto, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí. Ìfẹ́ ló ń mú yín ránṣẹ́ pe ìyá yín. Òtútù á mú un, ẹ ó ra ẹ̀wù fún un, á gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, nígbà tí oṣù mẹ́fà bá ń sún mọ́, ẹ ó ní, "Màámí, ẹ má lọ mọ́." Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí.

Ní ìlú ọba, wọ́n ti ti ọ̀nà tí àwọn ọlọ́wó tó fẹ̀yìn tì fi ń wọlé pa láti ọdún 2008. Ọ̀nà tí ọmọ fi lè mú òbí tó ti dàgbà wá bá a gbé wà, ṣùgbọ́n wọ́n há a mọ́ra gidigidi ní oṣù keje ọdún 2012. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ọjọ́ orí, àìsàn tàbí àbùkù ara kò jẹ́ kí òbí lè dá wẹ̀, dá wọṣọ, dá jẹun, àti pé irú ìtọ́jú tó nílò kò sí nílé, tàbí pé owó rẹ̀ kò ṣeé san. Ilé ni òbí ti gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè. Ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò wọlé kò lè yí i padà níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tó sì ti pé ọdún 21, ló lè kọ̀wé fún òbí. Ẹni tó ní gríìn káàdì nìkan kò lè ṣe é. Òbí tó bá kọjá àsìkò tí wọ́n fún un ju 180 ọjọ́ lọ, tó sì wá jáde, ọdún 3 ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọdún 10. Ìyá ẹni àádọ́rin tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ fún ọdún 10, ẹ rò ó wò.

Kánádà ló fẹjú díẹ̀. Físà tí wọ́n ń pè ní super visa wà fún òbí àti òbí àgbà, láti oṣù keje ọdún 2022 sì ni wọ́n ti lè jókòó tó ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 100,000 dọ́là Kánádà, owó tó ń wọlé fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó pè wọ́n sì gbọ́dọ̀ tó iye tí ìjọba là kalẹ̀. Físà náà kò sọ òbí di onílùú. Àlejò tó pẹ́ ni, àlejò náà ni.

Àwọn òfin yìí ń yí padà. Ẹ bi agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

8. Ẹni tó ń padà bọ̀ wálé, kó má sọ ìwé tọ̀hún nù.

Àwọn kan ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ìlú ọba, wọ́n ní àṣẹ àtigbé títí láé, wọ́n wá fẹ̀yìn tì sílé. Kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá jókòó síta ju ọdún méjì lọ láìpadà, àṣẹ yẹn ti kú. Físà mìíràn ni wọn yóò tún máa bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó ti di ọmọ ìlú ọba pátápátá kò sí nínú ewu yìí. Kí wọ́n sì tún mọ̀ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń fi kún ti àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn. Iye tó bá wà nígbà tí o dé ni yóò máa wà.

9. Tún orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ ṣe nílé kí o tó jáde.

Ọ̀pọ̀ wa, inú àgọ́ apẹja ni wọ́n bí wa sí, lọ́wọ́ ìyá àgbà agbẹ̀bí, láìsí ìwé. Èyí kò burú. Ohun tó burú ni kí NIN sọ ọdún kan, kí ìwé ìrìnnà sọ òmíràn, kí orúkọ lójú ìwé báńkì yàtọ̀ sí méjèèjì. Lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó ń ka ènìyàn fún ìwé ẹ̀rí ìbí, búra níwájú ilé ẹjọ́ níbi tó bá yẹ, kí gbogbo ìwé máa sọ ohùn kan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé ìrìnnà olójú ìwé 32, tó ń lo ọdún 5, ti di 100,000 náírà. Olójú ìwé 64, tó ń lo ọdún 10, ti di 200,000. Bí agbára bá ká a, ti ọdún 10 ni kí o gbà fún òbí rẹ. Kò dára kí arúgbó máa to láti ya fọ́tò àti ìka ọwọ́ ní gbogbo ọdún márùn-ún.

10. Wá owó ọjọ́ alẹ́ tí ojú aṣọ́bodè lè rí.

Apẹja ń rò pé ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n lowó ìfẹ̀yìntì òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbó, àwọ̀n ń ya, ọ́fíìsì físà kò sì ní wá wo èyíkéyìí nínú wọn létí omi. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù tí ìwé rẹ̀ wà ni wọ́n ń béèrè. Ìlú bíi Panama ń fún àwọn tó fẹ̀yìn tì ní ìwé ìgbélùú, ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ ní 1,000 dọ́là lóṣù títí ọjọ́ ayé wọn. Owó ìfẹ̀yìntì tiwa ní náírà kò súnmọ́ ọn. Ẹ fi ọkàn sí ohun tó ṣeé ṣe.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí kò ní ọ̀gá: apẹja, alágbẹ̀dẹ, ìyá tó ń yan ẹja. O lè máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i bí owó bá ṣe ń wọlé. Nínú ohun tí o bá fi sí i, apá kan wà tí o lè fà yọ fún pàjáwìrì, ìyókù yóò dúró de ọjọ́ ogbó. Bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gba owó tirẹ̀ lọ́wọ́ PTAD, àjọ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè kó tó kúrò nílé, kí owó má bàa dúró.

11. Má fi ọjọ́ ogbó rẹ lé ejẹ́ǹtì lọ́wọ́.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun yóò bá ọ ṣe òǹtẹ̀ láìlọ sí bodè, ayédèrú ni yóò ṣe. Ẹni tó ní kí o pe arákùnrin rẹ ní ọkọ rẹ, irọ́ ló fẹ́ kọ sábẹ́ orúkọ rẹ. Irọ́ inú ìwé físà kì í kú. Wọn yóò rí i ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí ọmọ rẹ bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ.

12. Má jó afárá tó wà lẹ́yìn rẹ.

Ibikíbi tí o bá ń gbé, ní yàrá kan nílé, lórí ilẹ̀ tí òkun kò tíì dé, ì báà jẹ́ ní Ìgbókòdá, Òkìtìpupa tàbí Oǹdó. Kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí àìsàn bá dé, kí o kọ ibi tí o fẹ́ kí wọ́n sin ọ́ sí, kí o sì fi ìwé náà lé ẹni tó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́. Ìgbà ò lọ bí òréré. Ìjọba tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò lónìí lè lé e lọ́la, yàrá yẹn ni kì yóò jẹ́ kí o padà wá sí ìta gbangba.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, mo bẹ̀ yín. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú ìwé ìrìnnà bàbá yín, ti ìyá yín àti tiyín. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kú, ẹ wo òǹtẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ ka iye ọjọ́ tó kù. Bí ohun kan bá ṣófo, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí àgbà wa kankan lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ lábẹ́ ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ìlú onílùú.